Ohun Tí Iṣẹ́ Àtúnkọ́ Ilé ní New Orleans Kọ́ Mi

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì kan ní àríwá Amẹ́ríkà nígbà tí ìjì líle Katrina kọlu etíkun Louisiana àti Mississippi ní ọjọ́ 29 oṣù August, ọdún 2005. Nígbà tí ìsinmi ìgbà ìrúwé dé ní oṣù March ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ì bá lọ gbafẹ́ létí òkun ló forí lé New Orleans láti bá àwọn tí omi lé kúrò nílé ṣiṣẹ́, èmi náà sì wà lára wọn. Mo tún padà lọ lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe èyí tí ìsinmi kan lè parí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ fún mi ní èrò kan tó dá mi lójú, tí mo sì fẹ́ kí ọ̀dọ́ tó bá ń múra irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ gbọ́ kó tó di ẹrù rẹ̀: agbára apá akẹ́kọ̀ọ́ wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí a fi apá tú inú rẹ̀ kó kò ní padà di ibùgbé bí kò bá sí ẹni tó jókòó ti onílé, tó sì bá a to ìwé ilé náà jọ.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 lẹ́nu àwọn òbí mi, nítorí náà mo rò pé mo mọ ohun tí omi lè fi ojú ilé rí. Ṣùgbọ́n omi Ògùnpa dé pẹ̀lú òjò, ó ṣe ọṣẹ́ tó ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ti New Orleans kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Mississippi àti adágún Pontchartrain ló há ìlú náà sí àárín, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, odi ìdènà omi ló sì ń dáàbò bò ó. Nígbà tí àwọn odi wọ̀nyí ya létí àwọn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ la ìlú kọjá, ní 17th Street, ní London Avenue àti ní Industrial Canal, nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà ló wọ abẹ́ omi, kò sì síbi tí omi náà lè ṣàn gbà jáde. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi fà á fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kó tó tán, ìjì Rita tún jà ní oṣù September, ó sì dá omi padà sí àwọn àdúgbò kan tó ti ń gbẹ.

Ó yẹ kí ẹni tó ń lọ ṣèrànwọ́ mọ èyí dáadáa, nítorí ó kan bí yóò ṣe bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn kan lára wa gbé ọ̀rọ̀ ìtùnú dání lọ, pé àmúwá Ọlọ́run ni, pé kò sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe sí afẹ́fẹ́. Àwọn onílé gbọ́, wọn kò sì fèsì. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé omi ló ba ilé wọn jẹ́, pé ojú odi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló sì gbà wọlé. Ní oṣù June ọdún 2006, ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kọ́ àwọn odi náà, Army Corps of Engineers, gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde, ó sì gbà pé àṣìṣe wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò wọn. Ìkẹ́dùn nìkan kò tó fún ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ pín ẹgbẹ́ wa sí wà ní Upper Ninth Ward, ní ìwọ̀ oòrùn Industrial Canal. Ìyá àgbà kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ló ń gbé inú rẹ̀ kí omi tó dé. Ilé tóóró gígùn ni, yàrá wọnú yàrá láti iwájú dé ẹ̀yìn láìsí ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní shotgun. (Mo kà á lẹ́yìn náà pé ọ̀mọ̀wé John Michael Vlach, tó ṣe ìwádìí lórí irú ilé yìí ní àwọn ọdún 1970, tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé Haiti, ó sì tọ̀ ọ́ láti ibẹ̀ dé ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá tí òwò ẹrú kó kọjá òkun. Inú mi dùn láti mọ̀ ọ́n, ó sì dùn mí pé ìgbà tí omi ti bà á jẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ irú rẹ̀.) Lára ògiri iwájú, àwọn tó ń wá ènìyàn kiri lẹ́yìn ìjì ti fi ọ̀dà kun àmì X ńlá kan. Àlàfo mẹ́rin ló wà nínú àmì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń sọ: ẹgbẹ́ tó yẹ ilé náà wò, ọjọ́ tí wọ́n dé ibẹ̀, ewu tó wà nínú rẹ̀, àti iye ènìyàn tí wọ́n bá níbẹ̀, láàyè tàbí lókùú. Òdo ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ti ilé yìí. Ní òpópónà kan náà, a rí ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà mìíràn sí.

Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n kò ní àlùmọ̀kọ́rọ́yí. A wọ aṣọ funfun tó bo gbogbo ara, a wọ bùútù àti ìbọ̀wọ́, a sì fi ìbòmú bo imú. Fíríìjì la kọ́kọ́ gbé jáde, ṣùgbọ́n a kò ṣí i: ẹran àti ẹja tó ti wà nínú rẹ̀ láti oṣù August ti di ohun tí imú ènìyàn kò lè gbà, nítorí náà a fi téèpù wé ilẹ̀kùn rẹ̀ yíká kí a tó gbé e síta. Lẹ́yìn náà la kó àga, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti ìwé tí ẹrẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ilé ṣófo tán, a gbé òòlù àti irin tí a fi ń tú ìṣó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya pátákó ẹfun tí wọ́n fi bo inú ògiri kúrò, títí dé ara òpó igi tó gbé ilé ró. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ògiri náà ti bu láti ilẹ̀ dé àjà, irun dúdú wúlẹ̀wúlẹ̀ sì ti hù bo ibi tí omi dé àti ibi tí kò dé. Bí a bá fi pátákó kan ṣoṣo sílẹ̀, yóò tún bu lẹ́yìn tí wọ́n bá kun ún tán, yóò sì máa yọ ẹni tó bá sùn síbẹ̀ lẹ́nu ní àyà. Ṣọ́bìrì la fi ń kó èyí tó jábọ́ sínú bárò, a ń dà á sí etí títì, títí òkìtì náà fi ga jù mí lọ.

Ẹni tó ṣáájú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ará ìlú náà tí omi gba ilé tirẹ̀ pẹ̀lú, ti kìlọ̀ fún wa kí a tó wọlé pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ dé orí òkìtì yẹn kí onílé tó fojú kàn án. Ìyá náà jókòó lórí àga lábẹ́ ìbòòji ilé kejì, nítorí dókítà rẹ̀ kò fẹ́ kó wọ ibi tó ti bu. Gbogbo ẹrù là ń gbé kọjá níwájú rẹ̀, òun sì ń pàṣẹ: “Ẹ da ìyẹn nù, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ gbé ìyẹn síbí.” Mo gbé ìkòkò irin kan tó ti dípẹtà jáde, mo sì bi í pé, “Màmá, ṣé kí n da èyí nù?” Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fi ń se gumbo, ọbẹ̀ àwọn ará Louisiana, ni. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó ní irin kì í kú, kí n fi í síbi ẹsẹ̀ òun.

Ètò yìí mú iṣẹ́ wa falẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń wo aago, nítorí ilé mìíràn ń dúró dè wá, kò sì pẹ́ sígbà náà tí ìgbìmọ̀ ìlú fi ọjọ́ 29 oṣù August ọdún 2006 ṣe gbèdéke fún àwọn onílé láti tú inú ilé wọn kó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìjọba lè wó o. Síbẹ̀, mo gbà títí di òní pé ìfalẹ̀ yẹn ni apá tó dára jù nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n kó sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn láìbi í, tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ lẹ́tà sí láìrí i, ó yẹ kí àwọn ọmọdé tó wá bá a ṣiṣẹ́ jẹ́ kó pàṣẹ nínú ilé ara rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; àwa la ní apá, òun ló mọ ohun tó wà nínú ilé.

Ìdí sì nìyí tí agolo bisikíìtì kan kò fi bá pàǹtírí lọ. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣubú ní yàrá ẹ̀yìn la ti rí i. Ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà mọ́ ọn, ìwé ló kún inú rẹ̀, omi sì ti mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ìyá náà dìde kúrò lórí àga nígbà tó rí i. A tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, a fi ọ̀bẹ tí kò mú rọra ya àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì sá wọn sí ìbòòji: rìsíìtì owó-orí ilé ti ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́tà, ìwé ètò ìsìnkú, àti ìwé ilé fúnra rẹ̀. Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, tó kọ́ ilé náà, ló wà lára ìwé ilé àti lára gbogbo rìsíìtì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó-orí yẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lọ sí kóòtù láti yí orúkọ padà, nítorí ẹnikẹ́ni kò bá a du ilé náà rí.

Ilé ẹbí ni. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí ní Ìbàdàn: bàbá àgbà kọ́ ọ, àwọn ọmọ gbé e, àwọn ọmọ-ọmọ ń gbé e, gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó ni ín, ìwé ìjọba nìkan ni kò mọ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn kò rí owó san fún lọ́yà, wọn kò sì fọkàn tán kóòtù, wọ́n sì ní ìdí tí wọn kò fi fọkàn tán an. Nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọjọ́ tí omi gba ilé ni ó di ìṣòro. Ètò ìrànwọ́ Road Home, tí ìpínlẹ̀ Louisiana fi owó ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, lè fún onílé ní owó títí dé 150,000 dọ́là, ṣùgbọ́n onílé gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé òun lòun ni ilé. Ìyá tó gbé inú ilé náà láti kékeré, tó ń san owó-orí rẹ̀, kò ní ìwé kan ṣoṣo tó sọ bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ̀wé sí bàbá mi pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá ìwé ilé bàbá àgbà jáde, kí wọ́n ya ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan síbi tí omi kò lè dé. Wọ́n ṣe é.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin ti wọlé nìyí. Lẹ́yìn ìjì náà, wọ́n para pọ̀ láti yunifásítì oríṣiríṣi, wọ́n dá ẹgbẹ́ Student Hurricane Network sílẹ̀, wọ́n sì ń lo ìsinmi wọn láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ìlú náà. Nígbà tí mo padà lọ, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi mí síbi tí wọ́n ti ń ran àwọn onílé lọ́wọ́ lórí ìwé. N kò kọ́ òfin, nítorí náà iṣẹ́ mi kò ju kí n jókòó sídìí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, kí n máa kọ ìtàn ìdílé sílẹ̀ fún àwọn tó mọ òfin: ta ni bàbá àgbà fẹ́, ọmọ mélòó ló bí, èwo ló ti kú nínú wọn, ta ni ọmọ tirẹ̀, níbo sì ni ọmọ náà wà báyìí. Òfin Louisiana ní gbòǹgbò nínú òfin Faransé àti ti Sípéènì, ó yàtọ̀ sí ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù lórí ọ̀rọ̀ ogún, a sì gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ẹni tó ní ìpín. Àwọn ẹni náà ni omi tún fọ́n ká sí Houston, sí Atlanta, sí ibi tí ẹ̀gbọ́n wọn pàápàá kò mọ̀. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ní fún ara wọn jẹ́ ti ilé tí kò sí mọ́. A ń pe ṣọ́ọ̀ṣì, a ń pe ilé-iṣẹ́ tó sin bàbá wọn, a ń bi aládùúgbò tó bá ti padà léèrè.

Mo rí i pé ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá lè wúlò púpọ̀ nídìí irú tábìlì yẹn. Mo ti gbọ́ kí àgbà ka ìdílé láti orí baba ńlá dé orí ọmọ ọwọ́, mo sì mọ̀ pé a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó ń kà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń fẹ́ dá ìyá àgbà padà sórí ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù nígbà tó bá yà sórí ọjọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ dé òpin, n óò sì tún bi í pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ló jókòó sí ìlà iwájú lọ́jọ́ náà?” Inú ìtàn ìsìnkú la ti sábà máa ń rí orúkọ ọmọ tí bàbá bí síta, tàbí àbúrò tó ti ṣí lọ sí Chicago tipẹ́tipẹ́, tí fọ́ọ̀mù ìbá má rí.

Ìwé nìkan kọ́ ló ṣòro nínú Road Home. Wọ́n máa ń wo iye tí ilé náà tó kí ìjì tó jà, wọ́n á wo iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà, èyí tó bá kéré jù ni wọ́n á fi ṣírò owó onílé. Nítorí pé owó ilé ní àdúgbò aláwọ̀ dúdú kéré sí ti àdúgbò aláwọ̀ funfun, ilé méjì tó rí bákan náà, tí omi bà jẹ́ bákan náà, lè gba owó tí kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n ń ta pákó àti ìṣó fún àwọn méjèèjì lọ́jà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ilé gbígbé pe ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 2008, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ọdún 2011 pẹ̀lú àfikún owó fún àwọn onílé kan. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè tún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá ti ka òfin ètò náà, ó lè ṣàlàyé fún onílé pé kì í ṣe ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù ló sọ owó rẹ̀ di kékeré, ó sì lè bá a kọ ìwé ẹ̀hónú kí àsìkò tó kọjá.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni àkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó padà sí kíláàsì, òmíràn á sì dé. Ní ibùdó kan tí mo wà, ẹgbẹ́ tó dé lọ́jọ́ Ajé kò mọ ohun tí ẹgbẹ́ tó lọ lọ́jọ́ Sátidé ṣe, bàbá kan sì ń tún ìtàn ikú ìyàwó rẹ̀ nínú omi náà sọ fún ọmọdé tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó tó lè rí ẹni bá a ṣí ojú fèrèsé kan. Ìyẹn bí mi nínú gidigidi. Ohun tó yanjú rẹ̀ kò ju ìwé olójú ewé ọgọ́ta lọ: ìwé kan fún ilé kan, a kọ ohun tí a ṣe sínú rẹ̀, ohun tó kù, ọ́fíìsì tí a pè àti èsì tí wọ́n fún wa, a sì fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé kì í ṣe lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ tuntun á dé, onílé á na ìwé sí wọn. Ẹgbẹ́ Common Ground, tí Malik Rahim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní àdúgbò Algiers ní New Orleans ní oṣù September ọdún 2005, a máa sọ pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni iṣẹ́ àwọn, kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Lójú tèmi, irú ìwé pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Lórí fọ́tò, èrò mi le. Bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò afẹ́ ń kọjá ládùúgbò nígbà tí à ń ṣiṣẹ́, àwọn èrò inú rẹ̀ ń ya ilé tó wó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ kò yàtọ̀ sí wọn, bó ti wù kí ẹrẹ̀ pọ̀ tó lára aṣọ rẹ̀. Fọ́tò tó wúlò ni èyí tí onílé ní kí a yà fún adójútòfò, tí a sì tẹ̀ jáde fún un.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sílé. Àwọn ìbátan rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, kóòtù gbé ilé náà sórí orúkọ rẹ̀, owó Road Home rẹ̀ dé. Kò tó ohun tí ilé náà gbà, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí n kò bá pàdé rí ló kan pátákó tuntun sí ògiri lábẹ́ káfíńtà ará àdúgbò tí wọ́n sanwó fún. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2000, àwọn tó ń gbé New Orleans jẹ́ 484,674. Ní ọdún 2010, wọ́n jẹ́ 343,829. Lára àwọn tí kò padà ni ìdílé kan tí ilé wọn wà lódìkejì òpópónà ìyá yẹn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti tú inú ilé náà kó, a ti fọ àwọn òpó rẹ̀, ó ti ṣe tán fún pátákó tuntun láti ọdún 2006. Ọ̀kan nínú àwọn tó ní ìpín nínú rẹ̀ ni wọn kò rí títí àyè ìforúkọsílẹ̀ Road Home fi pa dé ní ọdún 2007. Wọ́n wó ilé náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n sì ta ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.